Ibi Tí Lápité Sá Gbà

Ẹ̀yin tí ẹ ní tẹlifíṣọ̀n tí ẹ kò ní iná, ẹ̀yin tí ẹ ní iná tí ẹ kò ní ìsinmi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ kí ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ kan. Télọ̀ ni mí ní Ìjió, Òkè-Ògùn níbí. Mo ti kọjá ọmọ ogójì ọdún, mo láya, mo bímọ, mo sì ní tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tó pátákó tí mo fi ń gé aṣọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò wo fíìmù kan dé òpin rí nínú ilé. Ẹyọ kan ṣoṣo! Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹ bi mí léèrè. Àárín rẹ̀, mo lè rò ó fún yín tòun ti orin. Ṣùgbọ́n òpin! Yéè! Bó bá ti ku díẹ̀ kí àṣírí tú, kí ọmọ tó sọnù dá ìyá rẹ̀ mọ̀, kí ọba burúkú kan ìjàngbọ̀n, iná a lọ. Bí iná kò bá lọ, epo a tán nínú jẹnẹrétọ̀. Bí epo bá wà, àlejò a dé láti Ìwéré-Ilé, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n gan-an, a máa béèrè bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí àlejò kò bá wá, ewúrẹ́ a fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà. Ẹ sọ fún mi, kí ni ewúrẹ́ ń wá ní pálọ̀ mi?

Mo ti rò ó títí, mo sì ti mọ ibi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹ̀. Ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Owó ńlá ló ná sí i, kó sì tó rí èrè jẹ, àwọn olè ti dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, bàbá tó ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín wá wọ gbèsè. Ó ṣeni láàánú púpọ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ọ̀kan nínú kásẹ́ẹ̀tì olè wọ̀nyẹn ni àbúrò bàbá mi rà wálé. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò mọ olè, mi ò mọ olóko. Àwòrán inú rẹ̀ rí bí ẹni pé inú ọyẹ́ ni gbogbo wọn ti ń rìn, ohùn nìkan la fi ń dá Bàbá Sàlá mọ̀. Nígbà tó dé ibi tó dùn, fíìmù gé, ìgbéyàwó kan sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbéyàwó àwọn ẹni ẹlẹ́ni! Ẹnì kan ti gba ìgbéyàwó lé fíìmù lórí. Àwọn àgbà ilé wa ò bínú, wọ́n jókòó, wọ́n wo ìgbéyàwó náà títí wọ́n fi gé kéèkì, ìyá mi àgbà tiẹ̀ ṣàdúrà fún ìyàwó pé kó fi ọmọ tuntun dá wọn lóhùn. Èmi nìkan ni mò ń sunkún. Ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀dùn ọkàn Bàbá Sàlá ń wá àwọn olè kiri, ilé wa ló yà sí. Àwọn olè gan-an wo tiwọn tán o! Èmi tí mi ò jí nǹkan ni mò ń ru ẹrù.

Ẹ tún wo ìlú tí a wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV ní Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ìbàdàn náà ló sì ń ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ wa títí dòní. Àwòrán gbéra ní Ìbàdàn ní 1959, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò tíì dé Ìjió tán. Mo rò pé ó dé Ìsẹ́yìn, ó kó sí kòtò, ó jókòó sétí títì, ó ń wá ẹni tí yóò bá a ti ọkọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òpó áńtẹ́nà ilé wa kì í gbéṣẹ́ àfi bí ẹnì kan bá dì í mú. Ta ni ẹni náà? Ẹ ò tún ní béèrè. “Yí i díẹ̀! Yí i padà! Ó ti dáa! Má kúrò níbẹ̀ o!” Ìta ni mo wà tí Fádèyí Olóró fi pọfọ̀ tán, tó bá gbogbo ọ̀tá rẹ̀ jà tán, tí àwọn ará ilé ń pàtẹ́wọ́, tí yànmùyánmú sì ń bá èmi náà ja tiwọn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ní kí n lọ pọnmi.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyẹn kéré. Ti Ṣaworoidẹ ló pa mí.

Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání ṣe é, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún mi pé fíìmù Yorùbá mìíràn dára jù ú lọ, mi ò ní rán aṣọ fún ẹni náà mọ́. Ẹ rántí Lápité, ọba Jogbo, tó kọ̀ láti ṣe ètò ìbúra, tí wọ́n sì ti ní bí ẹni tí kò ṣe ètò náà bá dé adé, tí wọ́n wá lu ìlù Ṣaworoidẹ, orí á fọ́ ọ pa. Mo ra sídíì rẹ̀ ní ọjà Ìsẹ́yìn. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ jáde, mo lé àwọn ewúrẹ́, mo ti ilẹ̀kùn. Ó ń lọ dáadáa, títí ó fi dé ibi tí wọ́n jí adé ọba gbé. Lápité la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ẹnu náà ò padé mọ́. Ó há! Mo yọ sídíì, mo fi aṣọ nù ún, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ìpara pa á lára bí ọmọ tuntun, mo dá a padà, Lápité tún la ẹnu. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, Lápité ń la ẹnu sí mi.

Kí lẹ fẹ́ kí ọkùnrin ṣe? Mo parí rẹ̀ fúnra mi. Nínú tèmi, Lápité bọ́ agbádá sílẹ̀ lóru, ó gun ọ̀kadà, ó gba Ìsẹ́yìn, ó gba Ìgànná, ó dé Ìjió, ó jẹ àmàlà níbí kò sanwó, ó gba ọ̀nà igbó kọjá ààlà wọ ilẹ̀ Benin, ó sì di ẹni tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dùn létí. Ó bá ìwà ọba náà mu. Ogún ọdún ni mo fi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì wọ àwọn èèyàn lára débi tí ọkùnrin kan fi búra pé òun ti ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba ti ààlà pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọ́n tún fòfin dè é ní oṣù kọkànlá pé wọn ò gbọdọ̀ gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà, àwọn oníbàárà wá bá mi, ojú wọn sì wálẹ̀: “Bàbá Ìbejì, kí ni Lápité wá ń jẹ báyìí?” Mo ní ó ti yí sí gààrí.

Ayé ń lọ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ kan, mo lọ ra abẹ́rẹ́ máṣíìnì ní Ṣakí, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kí n gẹrun kí n tó máa bọ̀. Ẹ ò rí ayé! Fíìmù wo lẹ rò pé onígbàjámọ̀ tàn síbẹ̀? Kò há. Iná ò lọ. Níṣojú mi, Lápité kú! Kò dé Ìjió, kò tiẹ̀ kọjá ìdí Jogbo! Sójà kan tó ń jẹ́ Lágàta ló gba adé, ó jókòó sórí ìtẹ́, wọ́n lu Ṣaworoidẹ, orí fọ́ ọ pa. Mo pariwo pé, “Irọ́ ni!” Mo fò dìde, ìdajì orí mi ṣì wà níbẹ̀ tí abẹ ò tíì kàn. Onígbàjámọ̀ bi mí pé ṣé mo mọ ọba náà ni. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìjió, ọmọ iṣẹ́ mi ti sọ fún ìdajì ìlú, ìdajì tó kù sì gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ti wá sọ mí ní Lápité báyìí. Èyí tó sì ń dùn mí jù, wọ́n fi ń yọ owó mi: “Ẹni tó lè fi ogún ọdún purọ́ ọba, ṣé owó rírán bùbá ni kò ní purọ́ sí?” Háà! Bẹ́ẹ̀, òpin tèmi dára ju tiwọn lọ. Mo ṣì dúró lórí ìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí ojú mi kì í sinmi. Olorì ayé àtijọ́, ayé tí ọkọ̀ ò tíì sí, á yí ẹ̀yìn padà, màá rí síìpù! Síìpù, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹrú á sá nínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gún ò fa aṣọ rẹ̀ ya, ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì dúró gbọnrangandan lẹ́sẹ̀ sòkòtò. Ọdẹ ò ní ìdọ̀tí kan lára gbẹ̀rì. Màá pariwo, ìyàwó mi á ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí olorì ń wí. Ta ló bìkítà fún ohun tí ó ń wí! Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀! Àti pé kí ló dé tí télọ̀ kì í jẹ́ nǹkan kan nínú fíìmù? Bí ẹ bá rí télọ̀, wọ́n fẹ́ bú u pé aṣọ ọdún ò yá ni. Ní Aníkúlápó, ahunṣọ òfì ni Sàró, òun ni gbogbo fíìmù ń tẹ̀lé, àwọn obìnrin ń dù ú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó dáa, ta ló ń rán aṣọ tí Sàró hun?

Àwọn tó ń ṣe fíìmù gan-an, ẹ rò pé wọ́n fẹ́ràn mi? Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí epo kúrò ní nǹkan bíi igba náírà ó lé, ó kọjá 500, ó sì ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nínú fíìmù ti di owó lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n, ọkọ̀ á dé ẹnu géètì, á fun fèrè, ẹni tó ń ṣọ́ géètì á rọra yọjú, á wọlé padà, á ṣí i lápá kan, á ṣí i lápá kejì, ọkọ̀ á wọlé bí ẹni tó lóyún, ọkùnrin inú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á wo òkè, á wo ilẹ̀, epo mi ń jó lórí géètì ẹni ẹlẹ́ni, fóònù á wá dún, á ní “Hẹ̀lóò, kí lo wí, o ní ìyàwó mi ti bímọ, o ní ọkùnrin ni, o ní àwọn méjèèjì wà láyọ̀?”, ṣé ẹni tó pè é ò gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni, epo mi ń jó, wọ́n á ṣe ìsọmọlórúkọ láti orí omi dé orí oyin, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogún ọdún ti kọjá, ọmọ á ti hu irùngbọ̀n, ìyá rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ ìkómọ, ọmọ á mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà wálé, ìyá á rí ọmọbìnrin náà, á ju àwo ọbẹ̀ sílẹ̀, á ní “Yéè! Ẹ̀yin méjèèjì ò lè fẹ́ra yín, nítorí pé…”, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé kí a máa retí apá kejì!

Apá kejì! Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún iléyá. Kí n fún oníbàárà ní ẹsẹ̀ sòkòtò kan, kí n gba owó pé, kí n ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀ fún ẹsẹ̀ kejì. Ṣé ẹ ò ní gbọ́ òkú mi?

Nínú ilé ńkọ́? Ìyá mi wà láàyè, Ọlọ́run ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi gbà pé àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ òun. “Má wọlé o! Ó ń dúró dè ọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn o!” Bí ẹni náà bá wọlé, ìyá mi á bínú sí i, á sì yí ìbínú náà sórí mi. Láti ìgbà tó ti wo Kòtò Ọ̀run, bí Ìyá Gbónkán bá ti yọjú nínú fíìmù yòówù kó jẹ́, ìyá mi á ní kí a bo gbogbo ìkòkò ọbẹ̀. Obìnrin náà mọ eré ṣe, ìyà iṣẹ́ rẹ̀ ni ebi fi ń pa mí. Àwọn ọmọ àdúgbò á tún kún ojú fèrèsé, ọ̀kan wà níbẹ̀, kékeré kan bíńtín, tó ti wo ohun gbogbo tán níbòmíràn: “Ẹ má dá a lóhùn, ó máa kú!” Mo ti fún un ní àkàrà kó lè dákẹ́. Ó jẹ àkàrà náà, ó ní ìyàwó rẹ̀ náà máa kú.

Ìyá Ìbejì ní tiẹ̀, Zee World ló ń wò. Twist of Fate, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà lọ́dún 2014 tí wọ́n ń pè ní Kumkum Bhagya lọ́hùn-ún. Abhi pàdánù Pragya, ó rí i, ó tún pàdánù rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kúkú so àwọn méjèèjì mọ́ra ní okùn bí ewúrẹ́ ọdún. Bí ẹnì kan bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, àrá á sán, wọ́n á fi ojú gbogbo ará ilé hàn wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta, tó fi mọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Mo bi Ìyá Ìbejì pé ìgbà wo ni wàhálà yìí máa parí. Ẹ gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn: “Bàbá Ìbejì, èyí tí kò lópin ni mo mú. Kí ni iná fẹ́ gé mọ́ mi lọ́wọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Mi ò gbà, nítorí pé Aníkúlápó ṣì ń jó mi lára. Ìgbòjàyè ni Kúnlé Afọláyan, ẹni tó ṣe é, kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí, Òkè-Ògùn wa níbí, níbi tí a lè gun ọ̀kadà lọ. Àmọ́ nígbà tí fíìmù náà jáde lórí Netflix ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Lọ́ńdọ́nù ti wò ó, Amẹ́ríkà ti wò ó, kó tó di pé ó wọ inú fóònù ẹnì kan tó wá gbé e dé Ìjió. Ìgbòjàyè sí Ìjió, ó gba Amẹ́ríkà! Mo wò ó dé ibi tí Sàró ti dúró lórí òkú Arẹ̀mọ, tó ń pè é pé kó jí. Epo tán. Mo ní kò burú, mo parí rẹ̀ fúnra mi, mo ní Sàró sá lọ sí Ìsẹ́yìn, ó padà sídìí òfì, ó ń san gbèsè. Lọ́dún 2024, wọ́n gbé apá tó tẹ̀lé e jáde, gbogbo èèyàn ń sọ pé “Sàró ti padà dé láti ọ̀run!” Ọ̀run wo? Ìgbà wo ló kú? Ta ló sọ fún mi?

Mo wá mú Jagun Jagun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, èyí tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Mo ra epo kún, mo so ewúrẹ́, mo bẹ ìyá mi, mo fún ọmọ ojú fèrèsé ní àkàrà méjì. Ọkàn mi balẹ̀. Gbọ́tìjà, ọmọ tí igi ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, fẹ́ kojú Ògúndìjì, mo ti sún mọ́ etí àga, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Òkùnkùn. Epo ṣì wà nínú rẹ̀ o! Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn Táyé nínú òkùnkùn: “Bàbá, ẹ bá wa parí ẹ̀.” Kẹ́hìndé ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ojú fèrèsé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ kékeré oníàkàrà pàápàá, tó ti wò ó tán, ní òun fẹ́ gbọ́ tèmi.

Mo dìde dúró. Mo ní Gbọ́tìjà pe igi ayán, ó pe igi máńgòrò, ó pe gbogbo káṣù tó wà láti Ìgànná títí dé ìdí ààlà, igi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Ògúndìjì rí wọn, ó ju idà sílẹ̀, ó bẹ́ sórí ọ̀kadà. Ìyá Ìbejì ní, “Ṣé Ìjió náà ló tún máa gbà?” Mo ní ọ̀nà mìíràn wà ni? Ó dé Ìjió, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn ò tíì tì, ó wọlé, ó ní kí wọ́n fi òun pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù náà? Télọ̀ ni! Télọ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì, ó mọ̀ ọ́n, kò bẹ̀rù, ó na ọwọ́ lọ síbi àlùmọ́gàjí, ó gbé e sókè báyìí, gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ìyá mi ń sọ nínú òkùnkùn pé, “Gé e! Má jẹ́ kó lọ!”, télọ̀ la ẹnu…

“Iná dé o!”

Gbogbo ìlú ló pariwo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tí kò dé láti bí ọjọ́ mẹ́sàn-án! Tẹlifíṣọ̀n ṣẹ́jú, ó tàn, fíìmù náà sì ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, orúkọ àwọn òṣèré ló ń gòkè bọ̀. Gbogbo wọn kọjú sí i. Mo dúró síbẹ̀ láàárín pálọ̀, ọwọ́ mi lókè, ẹnu mi ní yíyà.

Ìyá mi ní, “Jókòó ńbẹ̀, o ń dí wa lójú.”